Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí Ẹni Tó Ga Ṣe Lè Yan Àgọ́ Fífúyẹ́ Tó Máa Gbà Á Lórí Òkè

Ní ibùdó Barranco lára òkè Kilimanjaro, ní Tànsáníà, níbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 4,000 mítà, òtútù ló jí mi ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Òjò ò rọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wo ìdí àpò ìsùn mi, mo rí i pé ó ti rin gbindin, yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ti ń dì sí i lára. Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti ń ti ara àgọ́. Èémí tí mo ń mí jáde ti di omi lára aṣọ àgọ́, omi náà sì gba ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kàn án wọnú àpò. Ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú àpò ọ̀hún. Bí omi bá ti wọ ìhùùhù, ńṣe ló máa ń lẹ̀ pọ̀, kò sì ní lè mú ooru dúró mọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ inú jákẹ́ẹ̀tì, mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ga ní 196 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì márùn-ún. Wọ́n kọ ọ́ sára àgọ́ yẹn pé gígùn rẹ̀ jẹ́ 213. Mo yọ 196 kúrò nínú 213, ó ku 17, mo ní ó tó mi sùn. Ìṣirò yẹn ló tàn mí jẹ, mi ò sì fẹ́ kó tan ẹlòmíràn jẹ.

Àwa tá a wà ní Kwara, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, dé Òmù-Àrán àti ilẹ̀ Ìgbómìnà, a ò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti pa irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, kéèyàn wọlé, kó na ẹsẹ̀, kó tó rà á. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń rà á, tàbí ká bẹ ẹnì kan tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Tó bá ti dé tí kò gbà wá, wàhálà àti owó láti dá a padà á mú kéèyàn gbà kámú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ wọn gbogbo ohun tó yẹ ní wíwọ̀n nínú ilé yín kí ẹ tó fọwọ́ kan owó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku yẹn la máa kọ́kọ́ wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dùbúlẹ̀ kí wọ́n wọ̀n yín

Gíga tí ẹ mọ̀ mọ́ ara yín, ìdúró ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Téèyàn bá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ kì í dúró ganrangan mọ́. Á rọ̀ síwájú, ìka ẹsẹ̀ á sì kọjá ibi tí gìgísẹ̀ parí sí. Àpò ìsùn náà nípọn lókè orí, ó nípọn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba àyè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń ránṣọ l'Ómù-Àrán, ni wọ́n bá mi wọn tèmi. Mo tẹ́ ẹní onífẹ́ẹ́fẹ́ mi síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, mo wọ inú àpò ìsùn, mo gbé orí lé ìrọ̀rí.

"Àbúrò mi, jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ sinmi. Má nà án, má sì ká a kò. Ṣé bó o ṣe máa ń sùn nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ẹ bá mi wo ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti àpò dé."

Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń fa ìlà sára aṣọ, wọ́n fa ìlà kan sórí sìmẹ́ǹtì níbi tí àpò parí sí lókè orí, wọ́n fa òmíràn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Téèpù tí wọ́n fi kọ́ ọrùn kò ju 60 ínǹṣì lọ, ìyẹn 152 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n nà án dé òpin, wọ́n sàmì síbẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú àmì náà. "Ó jẹ́ 213," ni wọ́n wí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un wọ̀n. 213 náà ni. Èmi àti àpò ìsùn mi ti gba gbogbo gígùn tí wọ́n kọ sára àgọ́ yẹn tán, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ ògiri.

Bí téèpù káfíńtà bá wà nítòsí, òun ni kí ẹ lò, torí ó máa ń gùn ju ti télọ̀ lọ dáadáa. Kí ẹ tó dìde nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún wọn nǹkan méjì: bí orí ìka ẹsẹ̀ yín ṣe jìnnà sí ilẹ̀ (tèmi jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú ẹní onífẹ́ẹ́fẹ́ tó nípọn tó 8), àti bí àtàrí yín ṣe jìnnà sí ilẹ̀ bí orí ṣe wà lórí ìrọ̀rí (tèmi jẹ́ 25). Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí ẹní yẹn, ẹ ká ẹsẹ̀ kò, kí wọ́n wọ̀n yín láti ilẹ̀ dé àtàrí. Tèmi jẹ́ 106. Ẹ kọ àwọn ìwọ̀n mẹ́rin yìí sínú fóònù yín. Àwọn la ó máa fi dán àgọ́ kọ̀ọ̀kan wò.

Ẹ má fi ìwọ̀n tèmi ṣe tiyín, bí gíga wa tiẹ̀ dọ́gba. Ẹsẹ̀ ló gùn lára ẹlòmíràn, àyà àti ẹ̀yìn ló gùn lára ẹlòmíràn. Ẹni tí gíga rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ lè jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú àgọ́ tí á máa kan èmi lórí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo bí ògiri àgọ́ ṣe fì sínú

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Gígùn tí àwọn tó ń ta àgọ́ ń kọ, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, láti etí kan dé etí kejì. Ṣùgbọ́n orí wa àti ìka ẹsẹ̀ wa kì í sí nílẹ̀. Ògiri àgọ́ kì í sì í dúró ṣánṣán bí ògiri ilé. Ńṣe ló máa ń fì sínú bó ṣe ń gòkè. Nígbà tó bá fi dé ibi tí ìka ẹsẹ̀ wà, ó ti jẹ lára àyè yín.

Ẹ jẹ́ ká mú àgọ́ méjì. Gígùn ilẹ̀ ti àkọ́kọ́ jẹ́ 230, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ fì púpọ̀, ní 60 dìgírì. Níbi ẹsẹ̀, tó ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ògiri ti wọlé ní 17. Níbi orí, tó ga ní 25, ó ti wọlé ní 14. Ohun tó ku fún ara jẹ́ 199. Gígùn ilẹ̀ ti èkejì jẹ́ 215 péré, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, ní 75 dìgírì. Níbi ẹsẹ̀ ó wọlé ní 8, níbi orí ó wọlé ní 7. Ó ku 200. Àgọ́ tó kúrú ní sẹ̀ǹtímítà 15 ló tún fi díẹ̀ láyè ju èyí tó gùn lọ. Ẹni tó bá wo iye tí wọ́n kọ nìkan, ti àkọ́kọ́ ló máa rà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó gbà mí nínú àwọn méjèèjì, torí 213 ni mo nílò. Ohun tó gbà mí ni ilẹ̀ 230 pẹ̀lú ògiri tó dúró ní 75 dìgírì: 230, ká yọ 15, ó ku 215.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n láti orí fóònù, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ dìgírì ògiri síbẹ̀? Ẹ wá àwòrán tí wọ́n fi ìlà yà, èyí tó fi àgọ́ inú hàn láti ẹ̀gbẹ́ tààrà. Ẹ má lo fọ́tò tí wọ́n yà láti igun. Ẹ fi rúlà lé ojú fóònù tàbí ojú kọ̀ǹpútà, ẹ wo bí ìlà ilẹ̀ àgọ́ ṣe gùn tó níbẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 11.5 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà gùn ní 230: ó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà 1 lójú àwòrán jẹ́ 20 ní òótọ́. Sẹ̀ǹtímítà 30 tí ẹsẹ̀ mi ga wá di 1.5 lójú àwòrán. Ẹ gòkè ní 1.5 láti ìlà ilẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n láti ògiri dé ògiri níbẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20. Iye tó bá jáde ni gígùn tí ẹ máa fi sùn. Bó bá kéré sí ìwọ̀n ìdùbúlẹ̀ yín, ẹ fi àgọ́ náà sílẹ̀, bó ti wù kó fúyẹ́ tó, bó ti wù kí wọ́n yìn ín tó. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ìwọ̀n yín lọ, inú mi á dùn sí i fún yín.

Àgọ́ inú, ibi tí ẹ ń sùn gan-an, ni mo sọ, kì í ṣe aṣọ òde tó ń bò ó lọ́wọ́ òjò. Àwọn mìíràn máa ń kọ gígùn aṣọ òde gàdàgbà sókè, ti inú á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké.

Tí ẹ bá ti yan méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ilẹ̀ wọn sórí sìmẹ́ǹtì, ẹ ri ọ̀pá méjì méjì mọ́ inú korobá iyẹ̀pẹ̀ ní orí àti ní ẹsẹ̀, kí ẹ na okùn láàrin wọn ní gíga 25 níbi orí àti 30 níbi ẹsẹ̀, níbi tí ògiri máa dé. Ẹ dùbúlẹ̀ sáàárín pẹ̀lú àpò ìsùn. Bí ẹsẹ̀ bá kan okùn, á kan àgọ́. Kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, ó sì ti gba owó mi lọ́wọ́ òfò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrísí àgọ́ náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tó dúró lórí ọ̀pá kan ṣoṣo láàárín, bí òrùlé ahéré, ni ògiri rẹ̀ máa ń fì jù. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn gan-an kó tó gba ẹni tó ga. Àgọ́ àtijọ́ tó rí bí òrùlé ilé onípáànù máa ń fì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ The North Face gbé àgọ́ Oval Intention jáde, tí wọ́n mú ìlànà ilé rìbìtì ti Buckminster Fuller, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, tí ọ̀pá púpọ̀ fi kọjá lórí ara wọn, tí ògiri sì fi yọ síta. Láti ìgbà náà ni àgọ́ òkè ti ń láyè nínú láì ga jù fún ẹ̀fúùfù.

Ọgbọ́n kan tún wà fún ẹni tó máa dá sùn: kó ra àgọ́ ẹni méjì, kó sì dùbúlẹ̀ láti igun dé igun. Bí ilẹ̀ bá fẹ̀ tó, ìdùbúlẹ̀ onígun á fún orí àti ẹsẹ̀ yín ní àyè díẹ̀ sí i, lórí ìwúwo tí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ilẹ̀ rẹ̀ kò tín-ín-rín níbi ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgọ́ fífúyẹ́ ni wọ́n gé ibi ẹsẹ̀ wọn kéré kí ìwúwo lè dín.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìjókòó

Àgọ́ fífúyẹ́ ẹni kan sábà máa ń ga ní nǹkan bí 100 sẹ̀ǹtímítà. Èmi tí mo jẹ́ 106 ní ìjókòó, mi ò lè jókòó nínú rẹ̀ láì tẹ ọrùn ba. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí òjò bá sé yín mọ́ inú àgọ́ láti ọ̀sán dé alẹ́ lórí òkè, ẹ̀yìn yín á sọ fún yín. Ẹ fi 5 kún ìwọ̀n ìjókòó yín, kí ẹ sì wo ibi tí òkè àgọ́ ti ga jù: bó bá wà láàárín gan-an, nígbà tó jẹ́ pé ìdí ìrọ̀rí lẹ máa ń jókòó sí, gíga yẹn kò ràn yín lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn èyí tó ga níbi orí tó sì rẹlẹ̀ níbi ẹsẹ̀, tí ìbi ẹsẹ̀ náà kò bá ti fì jù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ilẹ̀ wo lẹ máa pa á sí?

Nàìjíríà kò ní òkè tí yìnyín ń bò. Chappal Waddi ní Tàràbà tó ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí, 2,419 mítà ni, àgọ́ òjò àti ẹ̀fúùfù sì tó o. Àgọ́ tí wọ́n ṣe fún yìnyín wúwo jù ú lọ dáadáa, ẹ má rà á àfi bí ẹ bá ń lọ síbi tí yìnyín wà. Kilimanjaro jẹ́ 5,895 mítà, òtútù rẹ̀ le, ẹ̀fúùfù rẹ̀ sì le ní ibùdó Barafu tó ga ju 4,600 mítà lọ. Ọ̀nà Marangu ní ilé onígi tí wọ́n ti ń sùn; ní àwọn ọ̀nà yòókù, àgọ́ ni. Bí àwọn tó ń mú yín gòkè bá sọ pé àwọn ló máa pèsè àgọ́, ẹ béèrè gígùn inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì sọ gíga yín fún wọn láì fi pa mọ́.

Nílé níbí, àpáta ni ìṣòro. Orí òkè Sọbí n'Ílọrin, àti àwọn àpáta ńláńlá tó wà káàkiri gúúsù Kwara, èèkàn ò lè wọ ibẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ pupa pàápàá máa ń le débi pé èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ á tẹ̀ kó tó wọlé. Nítorí náà, fún ilẹ̀ wa, àgọ́ tó lè dá dúró lórí ọ̀pá tirẹ̀ ni mo máa ń dábàá. Àwọn tó fúyẹ́ jù, tí wọ́n ń fi ọ̀pá ìrìn gbé dúró, kò lè dúró rárá bí kò bá sí èèkàn, àfi kí ẹ máa so okùn mọ́ òkúta ńláńlá. Ó ṣeé ṣe, mo ti ṣe é, ṣùgbọ́n ó gba kéèyàn ní okùn tó gùn àti sùúrù.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mi ò ní fò. Òwú, ní tòsí Ọwá-Kájọlà, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bí 120 mítà, jẹ́ ibi tí ọkàn mi fẹ́ràn. Síbẹ̀, bí ètò ààbò ṣe rí ní apá ibẹ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹ má lọ sùn síbẹ̀, ẹ má sì sùn sínú igbó kankan ní gúúsù Kwara, láì kọ́kọ́ bá àwọn ará ìlú àti baálẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má sùn, ẹ padà sílé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwúwo

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, ìyẹn ìdajì kílò. Òun ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n, torí gbogbo wa la ti gbé e rí. Àgọ́ ẹni kan tó ní aṣọ méjì àti ọ̀pá tirẹ̀ sábà máa ń wà láàárín kílò 1 sí kílò 1.5: píọ̀ wọ́tà méjì sí mẹ́ta. Èyí tí wọ́n fi Dyneema ṣe, irú aṣọ kan tó fúyẹ́ gan-an tó sì lágbára, tí ẹ máa fi ọ̀pá ìrìn yín gbé dúró, lè má tó 700 gíráàmù. Àgọ́ yìnyín ẹni méjì lè jẹ́ kílò 2 sí 4.

Ẹ ṣọ́ra, torí ìwúwo méjì ni wọ́n máa ń kọ. Èyí tó kéré jù jẹ́ ti aṣọ àti ọ̀pá nìkan. Èkejì ka èèkàn, okùn àti àpò mọ́ ọn. Èyí tó pọ̀ jù ni kí ẹ fi ṣèṣirò, torí kò sí ẹni tó ń fi èèkàn sílẹ̀ sílé.

Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀yà gígùn fún irú àgọ́ kan, ìyàtọ̀ ìwúwo rẹ̀ sí ti èyí tó wọ́pọ̀ kì í sábà tó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Ẹ gbé e. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ka gíráàmù máa ń fẹ́ jìjàdù lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n àpò ìsùn tó ti mu omi wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní mú ooru wá. Ẹ dín ẹrù kù níbòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 6: Aṣọ àgọ́

Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi sílíkónì pa lágbára, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mu omi díẹ̀, á sì rọ̀ bí òjò bá pa á. Aṣọ tí ẹ fà le ní ìrọ̀lẹ́ á ti wọ̀ sílẹ̀ ní àárín òru. Fún ẹni kúkúrú, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Fún wa, sẹ̀ǹtímítà tó fi wọ̀ yẹn ló máa ń gbé ògiri wá bá ẹsẹ̀. Bí ẹ bá yan náílọ́ọ̀nù, ẹ jáde lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, kí ẹ tún okùn fà. Pọ́líẹ́sítà kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìwúwo rẹ̀ bá sì sún mọ́ ti náílọ́ọ̀nù, òun ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ga. Dyneema kì í mu omi, kì í sì í rọ̀, àmọ́ ó wọ́n, kì í sì í ká kéré sínú ẹrù.

Bí ẹ bá rí 1,200 tàbí 3,000 milimítà nínú àlàyé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni bí omi ṣe lè ga tó lórí aṣọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kí ti ilẹ̀ má kéré sí ti òrùlé, torí ara yín ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ tútù.

Aṣọ méjì sàn ju ọ̀kan lọ fún wa. Èyí tó ní aṣọ kan fúyẹ́, ṣùgbọ́n tó bá làágùn, ojú ibi tó tutù gan-an ni ẹsẹ̀ yín máa kàn. Nínú aṣọ méjì, ti òde ló máa ń làágùn, aṣọ inú tó dà bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn á sì wà láàárín yín àti òun.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ̀fúùfù, atẹ́gùn àti iná

Àgọ́ gígùn máa ń gba ẹ̀fúùfù sára ju kúkúrú lọ. Ẹ wo iye ibi tí okùn lè so mọ́ lára rẹ̀, pàápàá ní àárín ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì kọjú apá ẹsẹ̀ tó rẹlẹ̀ sí ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń wá. Fún ibi tí ẹ̀fúùfù ti le, ọ̀pá tó kọjá lórí ara wọn níbi méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń dúró.

Kí ojú atẹ́gùn wà lókè, kó sì ṣeé ṣí nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́ kò gbọ́dọ̀ kéré jù, torí bàtà ẹni tó ga náà tóbi, ẹrù rẹ̀ náà tóbi, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹrù gbé ìdí ẹsẹ̀ tì nínú. Ṣùgbọ́n ẹ má dáná nínú àgọ́ tí ẹ ti pa dé, bó ti wù kí òtútù mú tó. Èéfín tí kò ní òórùn, irú èyí tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn, ló ń ti ara sítóòfù jáde.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹní onífẹ́ẹ́fẹ́

Èyí tó wọ́pọ̀ gùn ní 183, ó sì fẹ̀ ní 51. Ti ẹni gíga sábà máa ń gùn ní 196, kó sì fẹ̀ ní 64. Ẹ wọn fífẹ̀ ilẹ̀ àgọ́ níbi ẹsẹ̀ kí ẹ tó ra méjì irú ìyẹn fún àgọ́ ẹni méjì, torí 128 ni wọ́n máa jẹ́ pọ̀. Ẹní tó nípọn sí i tún máa ń gbé ẹsẹ̀ yín ga sí ibi tí ògiri ti fì sí i, nítorí náà bí ẹ bá pààrọ̀ ẹní, ẹ tún ìwọ̀n àkọ́kọ́ wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀ nílé

Bí ó bá ti dé, ẹ pa á sí àgbàlá, kí ẹ sùn mọ́júmọ́. Ẹ má ṣe é nínú ọyẹ́ o. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ mú kí àgọ́ làágùn. Gbogbo àgọ́ ló máa dára lójú yín ní oṣù Kejìlá. Oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, ni ẹ máa tó mọ òtítọ́. Èyí tí mo ń lò báyìí, àgbàlá ilé wa ní Táńkẹ̀ n'Ílọrin ni mo ti dán an wò nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò sì rọ̀ láti nǹkan bí aago méjìlá títí di ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdí àpò ìsùn. Ó gbẹ. Omi wà lára aṣọ òde bí ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wọ àárín àpò àti ògiri láì kan nǹkan kan.

Oòrùn wa ń ba náílọ́ọ̀nù jẹ́ kíákíá, nítorí náà ẹ tú u ní àárọ̀, ẹ sá a síbi òjìji títí á fi gbẹ dáadáa kí ẹ tó ká a.

Bí èyí tó kúrú bá ti wà lọ́wọ́ yín

Ẹ dùbúlẹ̀ láti igun dé igun bí àyè bá gbà. Ẹ lo ẹní tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí ẹsẹ̀ lè wálẹ̀. Bí ibi ẹsẹ̀ bá ní ojú okùn níta, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ gbé okùn náà gba orí ọ̀pá ìrìn tàbí igi kan kọjá kí ẹ tó kàn án mọ́lẹ̀; á fa ògiri náà síta, á sì gbé e sókè. Ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì òjò bo ìdí àpò ìsùn, ẹ fa síìpù rẹ̀ pa yí i ká, kí omi tó bá kán lè dúró sára jákẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní alẹ́ kejì lẹ́yìn Barranco, lẹ́yìn tí mo ti sá àpò náà sórí òkúta ní gbogbo ọ̀sán. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń ti ògiri, ṣùgbọ́n kò tutù.